Gbọ́ Ẹjọ́ Dúdú Kí O Tó Pa Ọba Rẹ̀

(Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, àwọn olùkọ́ àti àwọn òbí ní gbọ̀ngàn kan nítòsí Ọlá-Ìyá, Òṣogbo. Mo tún un kọ kí àwọn tí kò ráyè wá náà lè rí i kà. Ẹni tó bá ní pátákó ṣẹ́ẹ̀sì nílé, kó gbé e kalẹ̀ kó tó máa kà á lọ.)

Ẹ̀yin àgbà, mo júbà. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ̀yin òbí tí ẹ fi ọjà sílẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, tí ẹ tẹ̀lé ọmọ wá síbí, ẹ kú làálàá. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ iwájú, kí ojú yín lè tó pátákó tí a gbé kọ́ ara ògiri yìí.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni Tunde Onakoya jókòó sí Times Square ní New York, tó ta ṣẹ́ẹ̀sì fún wákàtí 60. Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ tí kò mọ ẹṣin yàtọ̀ sí bíṣọ́ọ̀bù ti ń bẹ òbí wọn pé kí wọ́n ra pátákó fún àwọn. Inú mi dùn sí i gan-an. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tèmi lónìí kò dé orí wákàtí 60. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ìṣẹ́jú tí ènìyàn jókòó síwájú àdìtú kan tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Funfun ló kàn, kó pa Dúdú ní ìrìn mẹ́ta."

Kí ni a máa ń kọ́kọ́ ṣe? Mo máa ń wo ọwọ́ àwọn ọmọ dáadáa. Ọwọ́ á ti lọ sí orí rúùkù tàbí ayaba, ẹnu á ti ké "ṣẹ́ẹ̀kì!" ìyẹn ìkìlọ̀ pé wọ́n fẹ́ jẹ ọba, kí ohun tí ọwọ́ gbé tó kanlẹ̀. Dúdú á yẹ̀ ẹ́, wọ́n á tún ké òmíràn. Kó tó pẹ́, ọba Dúdú ti jáde kúrò ní kọ̀rọ̀ tí wọ́n há a mọ́, ó ti bọ́ sí àárín pátákó, ó ń ṣe fàájì. Funfun ò sì mọ ibi tó ti ṣì í.

Àwọn baba wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Òwe yìí ni mo fẹ́ ká fi tú àdìtú lónìí. Ẹni tó ń wá méètì, ìyẹn ṣẹ́ẹ̀kì tí ọba kò ní ọ̀nà àbáyọ kúrò nínú rẹ̀, tó jẹ́ pé ìrìn Funfun nìkan ló ń rò, ó ti dá ẹjọ́ láìgbọ́ ti Dúdú. Ọ̀dọ̀ Dúdú gan-an ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Ibo lo lè sá sí? Kí lo lè jẹ? Kí lo lè fi dí ọ̀nà? Ìgbà tí Dúdú bá rojọ́ tán, tí gbogbo àwíjàre rẹ̀ já sí ikú, ìgbà yẹn la tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé méètì yìí kò ṣeé yẹ̀.

Méètì tó lè ṣẹlẹ̀ àti méètì tí kò ṣeé yẹ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹ fún Funfun ní ọba àti ẹṣin méjì, kí Dúdú ní ọba nìkan. Ẹ lè to ẹṣin méjì náà sórí pátákó kí ọba Dúdú kú sí kọ̀rọ̀. Ó ṣeé tò. Àmọ́ kí eré tó dé ibẹ̀, Dúdú gbọ́dọ̀ ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ pàkúté nígbà tí ọ̀nà mìíràn ṣí sílẹ̀ fún un. Bí kò bá wọ̀ ọ́, Funfun ò lè fi ipá mú un láéláé. Rúùkù kan ṣoṣo kò rí bẹ́ẹ̀: bí Dúdú kò bá ti rí i jẹ lójú ẹsẹ̀, tí Funfun kò sì ṣìṣe, ọba Dúdú ò lè kọjá ìrìn 16 láyé. Ayaba kò ju 10 lọ. Bíṣọ́ọ̀bù àti ẹṣin papọ̀ lè gbà tó 33, ó sì ti mú ọ̀pọ̀ ọ̀gá làágùn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí rúùkù.

Lẹ́tà a sí h ni ìlà òró láti òsì sí ọ̀tún, nọ́ńbà 1 sí 8 ni ìlà ìbú láti ọ̀dọ̀ Funfun lọ sókè. Ọba Funfun wà ní c6, rúùkù rẹ̀ wà ní b1. Ọba Dúdú dá wà ní a7. Funfun ló kàn, ìrìn mẹ́ta. Nígbà tí mo bi gbọ̀ngàn léèrè, ohùn tó kọ́kọ́ dún lẹ́yìn ni "rúùkù sí a1, ṣẹ́ẹ̀kì!" Ṣẹ́ẹ̀kì ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo b8. Rúùkù ló ń ṣọ́ ilé náà láti b1. Bó ṣe kúrò lórí ìlà b, ilẹ̀kùn ṣí, ọba Dúdú gba b8 jáde.

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu Dúdú ná. Láti a7, ilé márùn-ún ló yí i ká: a6, a8, b6, b7, b8. Ọba Funfun ń ṣọ́ b6 àti b7. Rúùkù ń ṣọ́ b8. Ó ku a6 àti a8, kò sí òmíràn. Ká ní Dúdú ló kàn báyìí, kí ni ì bá ṣẹlẹ̀? Bó bá lọ sí a6, rúùkù á dé a1, ó kú síbẹ̀, nítorí ọba c6 ti gba b5, b6 àti b7 mọ́ ọn lọ́wọ́. Bó bá lọ sí a8, ọba Funfun á sún sí c7, Dúdú á padà sí a7 tipátipá torí kò ní ibòmíràn, rúùkù á dé a1, ó parí.

Ohun tí Funfun nílò kò ju pé kó kan Dúdú. Àyè "mo fò ó" kò sì sí nínú ṣẹ́ẹ̀sì. Nítorí náà kó sún rúùkù láti b1 sí b2, kó ṣe bí ẹni tí kò ní nǹkan ṣe. Rúùkù ṣì wà lórí ìlà b, ó ṣì ń ṣọ́ b8, ó sì ti kan Dúdú. Ìdáhùn nìyẹn: ìrìn tí kò ké ṣẹ́ẹ̀kì, tí kò jẹ nǹkan kan. b3 àti b4 náà á ṣiṣẹ́. Ẹ má lọ sí b5 o! Bí rúùkù bá wà ní b5 tí ọba Dúdú wá sí a6, a5 ni rúùkù á ti ké ṣẹ́ẹ̀kì, ọba náà á sì gbé e jẹ.

Èyí tó tẹ̀lé e, àdìtú Morphy ni wọ́n ń pè é. Paul Morphy, ọmọ ìlú New Orleans ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n bí ní 1837, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é. Òun náà ló wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Yúróòpù ní 1858, tó sì na àwọn ọ̀gá ibẹ̀ bí ẹni na ọmọdé. Ẹ tò ó báyìí. Funfun: ọba ní c8, rúùkù ní a1, pọ́ọ̀nù ní b6. Dúdú: ọba ní a8, bíṣọ́ọ̀bù ní b8, pọ́ọ̀nù ní a7 àti b7. Ìrìn méjì péré.

Bí rúùkù bá jẹ a7, bíṣọ́ọ̀bù á jẹ rúùkù, pọ́ọ̀nù á jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ọba á jẹ pọ́ọ̀nù, Funfun á wá ku ọba lásán lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ pọ́ọ̀nù ló kọ́kọ́ jẹ a7, bíṣọ́ọ̀bù á gbé e jẹ, ìrìn méjì ti kọjá. Ariwo ò ràn wá lọ́wọ́ níbí náà.

Ẹ jẹ́ ká tún lọ bá Dúdú. Ọba rẹ̀ kò lè mira: a7, b7, b8, àwọn ènìyàn tirẹ̀ ló jókòó sí gbogbo rẹ̀. Pọ́ọ̀nù b7 kò lè sún, pọ́ọ̀nù Funfun dí i lójú ní b6. Àwọn tó lè rìn ni bíṣọ́ọ̀bù àti pọ́ọ̀nù a7. Bí a bá rí ọ̀nà so pọ́ọ̀nù a7 mọ́lẹ̀, kí ló kù fún un?

Rúùkù lọ sí a6.

Nígbà tí mo gbé rúùkù síbẹ̀ lórí pátákó, àwọn kan rẹ́rìn-ín, torí pọ́ọ̀nù b7 lè gbé e jẹ láìsan kọ́bọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ bá mi ka ìrìn Dúdú. Pọ́ọ̀nù a7 kò lè lọ síwájú, rúùkù dí i. Kò sì lè yà jẹ b6, torí bó bá kúrò lórí ìlà a, rúùkù á rí ọba a8 lójú kòrókòró, òfin ò gbà á láyè. Bíṣọ́ọ̀bù ní ilé mẹ́fà: c7, d6, e5, f4, g3, h2. Pọ́ọ̀nù b7 ní ẹyọ kan, kó jẹ rúùkù. Ìrìn méje, kò sí ẹ̀kẹjọ.

Níbikíbi tí bíṣọ́ọ̀bù bá lọ nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó ti fi a7 sílẹ̀. Rúùkù á jẹ a7, pọ́ọ̀nù b6 dúró tì í, ọba c8 ń ṣọ́ b8. Ó kú. Bí pọ́ọ̀nù b7 bá jẹ rúùkù, ó ti ya ọ̀nà fún pọ́ọ̀nù Funfun láti sún sí b7, ibẹ̀ ló ti ké ṣẹ́ẹ̀kì sí a8, ọba c8 sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó kú. Ohun tó wù mí jù nínú rẹ̀ ni pé Funfun kò halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Bí Dúdú bá lè jókòó jẹ́ẹ́, kò séwu. Ìrìn tó di dandan fún un ló pa á.

Àwọn ọmọ méjì jiyàn pé ó yẹ kí bíṣọ́ọ̀bù ní ìdáhùn kan ní c7, torí ó sún mọ́ ọba Funfun pẹ́kípẹ́kí. Mo ní kí wọ́n dìde wá tò ó fúnra wọn. Wọ́n gbé bíṣọ́ọ̀bù sí c7, wọ́n fi rúùkù jẹ a7, wọ́n wá dúró síbẹ̀, wọ́n ń fi ìka wá ilé tí ọba Dúdú lè gbà. Ìka yẹn gan-an ni mo wá kọ́ yín ní Òṣogbo lónìí. Ẹ jẹ́ kó máa rìn lórí pátákó kí ọwọ́ tó kan ohun tí a ó gbé.

Ó wá kan èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ, a ó sì pẹ́ lórí rẹ̀.

Ní ọdún 1895, ní ìlú Glasgow ní Scotland, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Georges Barbier ń kọ ojú ewé ṣẹ́ẹ̀sì nínú ìwé ìròyìn Glasgow Weekly Citizen. Ó tẹ ìparí eré kan jáde, ó ní ọ̀mì ni, Dúdú á bọ́. Àlùfáà Kátólíìkì kan, ọmọ Sípéènì tó ń gbé ìlú náà, Fernando Saavedra, wò ó, ó ní rárá, Funfun ló máa borí. Àlùfáà yìí kì í ṣe ọ̀gá nídìí ṣẹ́ẹ̀sì. Ìrìn kan ṣoṣo yìí ni ayé fi mọ orúkọ rẹ̀ títí dòní.

Ẹ tò ó. Funfun: ọba ní b6, pọ́ọ̀nù ní c6. Dúdú: ọba ní a1, rúùkù ní d5. Ohun mẹ́rin péré lórí pátákó. Funfun ló kàn.

Pọ́ọ̀nù sún sí c7, ó fẹ́ dé c8, ìparí pátákó, kó di ayaba. Dúdú kò lè dá a dúró níwájú, torí náà ó ké ṣẹ́ẹ̀kì láti d6. Ọba lọ sí b5. Ṣẹ́ẹ̀kì láti d5. Ọba lọ sí b4. Ṣẹ́ẹ̀kì láti d4. Ọba lọ sí b3. Ṣẹ́ẹ̀kì láti d3. Ọba wá sí c2. Ẹ wo ibi tó dé: ó ń ṣọ́ c1 àti d1, ó sì ń lé rúùkù d3. Ṣẹ́ẹ̀kì tí kò ní ná Dúdú ní rúùkù rẹ̀ ti tán. Ẹni tó bá ń ro ti Funfun nìkan á ní iṣẹ́ ti parí, ayaba ló kù.

Dúdú wá gbé rúùkù rẹ̀ sí d4.

Mo dákẹ́ síbẹ̀, mo ní kí gbọ̀ngàn gbọ́ ẹjọ́ Dúdú. Kí ló ń wá ní d4? Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọmọbìnrin kan tó jókòó sí ìlà kejì tó na ọwọ́. Ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bó bá di ayaba, rúùkù á lọ sí c4." Bẹ́ẹ̀ ni! Ṣẹ́ẹ̀kì ni ní c4, rúùkù ọ̀hún sì tún dojú kọ ayaba ní c8. Bí ọba Funfun bá yẹra, ayaba lọ. Ayaba gbọ́dọ̀ jẹ rúùkù náà. Ó jẹ ẹ́ tán, ẹ wá wo ọba a1: ayaba láti c4 ń ṣọ́ a2, ọba c2 ń ṣọ́ b1 àti b2. Kò sí ṣẹ́ẹ̀kì lórí rẹ̀, kò sì ní ibi tẹ̀. Òfin ṣẹ́ẹ̀sì sọ pé ọ̀mì nìyẹn. Àwíjàre tó lágbára ni, ẹjọ́ rẹ̀ sì mọ́. Ibi tí Barbier parí rẹ̀ sí nìyí.

Saavedra gbọ́ ẹjọ́ náà dé ìparí kó tó yan ohun tí pọ́ọ̀nù máa dà. Òfin kò sọ pé ayaba ni dandan. Ó ní kí ó di rúùkù.

Rúùkù ní c8! Bí Dúdú bá tún sáré lọ sí c4 báyìí, rúùkù á jẹ ẹ́, àmọ́ rúùkù kì í rìn dábùú bí ayaba, nítorí náà a2 ṣí sílẹ̀, ọ̀mì ti sá lọ. Ọba Dúdú á lọ sí a2 torí kò ní ibòmíràn, rúùkù á dé a4, ó kú. Ayaba ti lágbára jù fún ibẹ̀. Agbára rẹ̀ gan-an ni ì bá gbà Dúdú là.

Rúùkù c8 tún ń halẹ̀ láti dé a8 kó pa ọba lórí ìlà a. Dúdú kò ní ìdáhùn ju kó gbé rúùkù tirẹ̀ sí a4 kó dí ọ̀nà. Ọba Funfun wá sún ní ilé kan, sí b3. Ohun méjì ló fi ẹsẹ̀ kan ṣe: ó ń lé rúùkù a4, ó sì ti palẹ̀ fún rúùkù c8 láti sọ̀kalẹ̀ sí c1 kó pa ọba. Dúdú kò lè gba méjèèjì là. Bí rúùkù rẹ̀ bá sá, c1 ni ikú ti máa wá. Bó bá fi ara rẹ̀ rúbọ fún ṣẹ́ẹ̀kì, Funfun á jẹ ẹ́, á ku ọba àti rúùkù sí ọba tó dá wà, ẹ sì ti mọ bí ìyẹn ṣe ń parí: kò ju ìrìn 16 lọ.

Bàbá kan béèrè pé ṣé kọ̀ǹpútà kò ti mọ gbogbo èyí, kí ló dé tí ọmọ òun á fi máa da ara rẹ̀ láàmú? Ìbéèrè gidi ni. Kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ní 2012, wọ́n lo kọ̀ǹpútà ńlá Yunifásítì Lomonosov ní Moscow láti yanjú gbogbo ìparí eré tí ohun orí pátákó kò bá ju méje lọ, ọba méjèèjì wà nínú rẹ̀. Wọ́n rí méètì kan níbẹ̀ tó gba ìrìn 549. Àmọ́ ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń bọ̀: wọ́n á kọ́kọ́ kó gbogbo ibi tí ọba Dúdú ti kú jọ, wọ́n á fàmì sí wọn, wọ́n á wá máa padà sẹ́yìn ní ìrìn kọ̀ọ̀kan. Bó bá kan Funfun, ìrìn kan tó dé ibi tó ní àmì ti tó. Bó bá kan Dúdú, wọn kò gbọdọ̀ fàmì síbẹ̀ àfi bí gbogbo ìrìn rẹ̀, láìku ẹyọ kan, bá já sí ibi tó ti ní àmì. Ọ̀nà tí a fi ka ìrìn méje Dúdú nínú àdìtú Morphy náà ni ẹ̀rọ ń tọ̀. Iyàtọ̀ kan ni pé kì í rẹ̀ ẹ́.

Nítorí náà mo sọ fún bàbá náà, mo sì ń sọ fún gbogbo òbí, pé fóònù kò burú. Àdìtú ọ̀fẹ́ pọ̀ lórí Lichess, ìkànnì ṣẹ́ẹ̀sì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ju èyí tí ọmọ lè yanjú tán lọ. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ọmọ má tẹ bọ́tìnnì ìdáhùn kó tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ra ìwé alálà fún un. Kó fa ìlà sí àárín, kó kọ ìrìn Dúdú gbogbo sí apá òsì, kó kọ ìdáhùn Funfun síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan ní apá ọ̀tún. Níbi tí apá ọ̀tún bá ti ṣófo, ibẹ̀ ni àdìtú kò tíì tú. Mo fẹ́ràn kí ọmọ tú ẹyọ kan lọ́sẹ̀ báyìí ju kó tú ogún lójoojúmọ́ pẹ̀lú ìméfò lọ. Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò tó wà níbí mọ̀ pé ohun tí mò ń sọ yìí kò jìnnà sí iṣẹ́ yín.

Ọmọbìnrin ìlà kejì ló béèrè ìbéèrè tó kẹ́yìn. Ó ní nínú àdìtú Saavedra, nígbà tí Dúdú kọ́kọ́ ké ṣẹ́ẹ̀kì láti d6, kí ló dé tí ọba Funfun fi lọ sí b5, tí kò lọ sí c5 tàbí b7? Mo ní kó wá ro ẹjọ́ Dúdú fún wa níwájú pátákó. Ó gbé ọba sí b7, ó gbé rúùkù sí d7, ó ní: "Pọ́ọ̀nù c7 ò lè rìn mọ́, torí rúùkù ń ké ṣẹ́ẹ̀kì", ó wá wò ó dáadáa, ó tún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ṣe, ó ní bí pọ́ọ̀nù bá kúrò ni ọba á wà nínú ṣẹ́ẹ̀kì. Ó gbé ọba padà, ó wá gbé e sí c5. Èyí gbà á ní àsìkò. Ó gbìyànjú d5, ọba jẹ rúùkù. Ó gbìyànjú d8, pọ́ọ̀nù jẹ ẹ́. Ó wá fa rúùkù náà sọ̀kalẹ̀ títí dé d1, ó yíjú sí wa, ó sì ṣàlàyé fún gbọ̀ngàn pé: pọ́ọ̀nù di ayaba ní c8, rúùkù dé c1, ṣẹ́ẹ̀kì, ọba gbọ́dọ̀ kúrò lórí ìlà c, ayaba sì ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀.